Píkọ́ọ̀pù Tí A Kò Fọwọ́ Kàn: Ọ̀nà Aginjù Wo Ló Lè Gbà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa,

Ọdún kẹrin mi rèé ní Las Vegas, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe. Lọ́dún yìí ni mo ra Ford F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lè fà. Bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ tó ṣe é ló ṣì wà. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ a máa gbé Jeep wọn wọ aginjù ní ìparí ọ̀sẹ̀, àwòrán tí wọ́n ń fi hàn mí kì í jẹ́ kí n rí oorun sùn. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí Moab, ní ìpínlẹ̀ Utah, ní ìparí oṣù keje, kí a jọ gba ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Hell's Revenge. Ọ̀kan nínú wọn ní kò le rárá. Òmíràn ní àfi kí n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà sókè, kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì rẹ̀. Owó tí wọ́n dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé oṣù mẹ́ta.

Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn nínú oṣù keje yẹn kan náà. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wo aginjù nínú sinimá àwọn kọ́bọ́ì, ó sì wù mí kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ìyàwó mi ní òun kò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo gbé bàbá lọ síbi tí fóònù kò dé. Ní tèmi, ojú ọ̀nà oko bàbá mi àgbà ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, nígbà òjò, nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà wo ni mo lè gbà pẹ̀lú ọkọ̀ yìí bó ṣe wà? Ṣé kí n ná owó náà?

Èmi àbúrò yín,
Onípíkọ́ọ̀pù, Las Vegas

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi,

Má ná owó yẹn. Má sì bá wọn lọ sí Hell's Revenge. Mo tètè sọ méjèèjì kí ọkàn ìyàwó rẹ lè balẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà mi, bí wàá ṣe gbé bàbá wọ aginjù ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oṣù. Ní Furnace Creek, nínú Death Valley, tí kò tó wákàtí mẹ́ta sí ilé rẹ, wọ́n wọn ooru tó jẹ́ 56.7 ní Celsius ní ọjọ́ 10 oṣù keje, ọdún 1913. Òun ni ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé ṣì kà sí ooru afẹ́fẹ́ tó ga jù lọ tí wọ́n tíì wọ̀n rí. Ti Moab kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ 37 kì í ṣe nǹkan bàbàrà níbẹ̀ lóṣù keje, àárín òkúta pupa tó ti ń gba oòrùn sára láti àárọ̀ sì ni wàá wà. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án náà ni òjò àrá máa ń ṣú lójijì lágbègbè yẹn. Ó lè rọ̀ níbi tó jìnnà sí ọ, kí ojú ọ̀run orí tìrẹ mọ́ kedere, kí àgbàrá sì ya bá ọ nínú ojú odò gbígbẹ tí o ń wakọ̀ gbà. Bí ọkọ̀ bá yọnu ní oṣù kọkànlá, ìnira ni. Bó bá yọnu ní oṣù keje, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ti wọ̀ ọ́, pàápàá tí àgbàlagbà bá wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bẹ bàbá kí wọ́n sún ìrìnàjò wọn sí ìparí oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, gbé wọn gun òkè Mount Charleston ní oṣù keje. Títì ló dé ibẹ̀, atẹ́gùn tútù wà láàárín àwọn igi ibẹ̀, wọn á sì rí aginjù láti òkè. Aginjù fúnra rẹ̀ á dúró dè wọ́n di ìgbà mìíràn.

Ọ̀nà wá kàn. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lo máa mú nínú ọ̀rọ̀ mi, mú èyí: ibi tó burú jù lójú ọ̀nà, òun ni ọ̀nà náà. Ọ̀nà 50 máìlì lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, kí àkàsọ̀ òkúta kan ṣoṣo tí ọkọ̀ rẹ kò lè gùn wà ní máìlì 48. Ẹni tó bá fi gígùn ọ̀nà yàn án, tàbí tó fi ẹwà rẹ̀ yàn án, kò tíì yan nǹkan kan. Nígbà tí o bá ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ènìyàn, má béèrè pé ṣé ó le. Bi í pé níbo ló ti burú jù. Òkúta ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ga dé orúnkún? Ṣé mo lè yí orí ọkọ̀ padà kí n tó débẹ̀? Ọkọ̀ wo ni ìwọ fi gbà á, irú táyà wo ló wọ̀? Ṣé òjò ti rọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí o lọ? Bí kò bá lè dáhùn ìwọ̀nyí, sinmi lé ọ̀rọ̀ àwọn olùṣọ́ ọgbà ìjọba. Pè wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ. Àwọn ló mọ bí ọ̀nà ṣe rí lónìí, nítorí òjò ọ̀sẹ̀ kan lè sọ ọ̀nà tí ọmọdé lè wà di ohun tí kò ṣeé gbà.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ní Hell's Revenge kò le kò purọ́. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Jeep Wrangler onílẹ̀kùn mẹ́rin, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, kò ju nǹkan bí íǹṣì 118 lọ. F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin ń lọ sí bí íǹṣì 145. Mú pákó kúkúrú kan àti gígùn kan, fi òkúta sí orí méjèèjì pákó kọ̀ọ̀kan bí ẹsẹ̀, kí o wá gbé wọn lé orí òkìtì kan náà: ikùn pákó gígùn ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ikùn ọkọ̀ rẹ yóò ṣe máa ha òkúta níbi tí ikùn Jeep ti ń kọjá láìfarakàn. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tún gùn kọjá táyà, nítorí náà bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, bọ́ńpà ẹ̀yìn ni yóò jókòó lé e. Hell's Revenge kún fún òkè òkúta tó dà bí ẹ̀yìn ẹja ńlá, pẹ̀lú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó mú ni lọ́kàn. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ní kí o gbé ọkọ̀ sókè ńkọ́? Wọlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ lọ́la, kí o wo ẹ̀yìn. Wàá rí irin rìbìtì kan láàárín táyà méjèèjì, èyí tí gíà fi ń pín agbára fún wọn. Òun ló sún mọ́ ilẹ̀ jù. Bí o bá fi sípíríǹgì gbé ọkọ̀ sókè íǹṣì mẹ́ta, ara ọkọ̀ á gòkè, ṣùgbọ́n irin rìbìtì yẹn kò ní kúrò níbi tó wà, nítorí orí táyà ló jókòó sí. Táyà tó ga nìkan ló lè gbé e. Ọkọ̀ tó ti ga sókè tún rọrùn láti dojú dé níbi tó bá dagun. Àwọn kan wà tí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ yẹ iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà tí mo fẹ́ dárúkọ fún ọ kò nílò rẹ̀.

Owó tí mo fẹ́ kí o ná, orí táyà ni. Púpọ̀ nínú píkọ́ọ̀pù tuntun ló ń wọ táyà tí wọ́n ṣe fún títì, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Òkúta aginjù mú bí abẹ, ẹ̀gbẹ́ táyà ló sì máa ń gé, níbi tí kò ṣeé lẹ̀. Mo kọ́ èyí lójú ọ̀nà Racetrack, nínú Death Valley. Ọ̀nà náà jẹ́ 27 máìlì láti ihò òkè ayọnáyèéfín Ubehebe dé pápá amọ̀ gbígbẹ níbi tí àwọn òkúta ti ń fúnra wọn rìn. Lọ́dún 2014 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti atẹ́gùn ló ń tì wọ́n. Kò sí àkàsọ̀, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà kàn ṣẹ́jọ bí pákó ìfọṣọ ni, òkúta ṣóńṣó ṣóńṣó sì wà nínú rẹ̀. Mo rò pé ibi tó tẹ́jú kò lè ṣe mí ní nǹkan kan, mo sì sáré. Táyà ẹ̀yìn kan ya kí n tó dé Teakettle Junction, oríta tí àwọn arìnrìnàjò máa ń so kẹ́tù kọ́ sí. Mo fa táyà àfipààrọ̀ jáde, kò ní atẹ́gùn nínú. Ọdún méjì ni n kò ti wò ó. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kí ọkọ̀ kan tó kọjá. Owó tí wọ́n gbà láti fà wá jáde tó owó ilé oṣù kan. Oṣù kejìlá ni, omi wà lọ́wọ́ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́ sí ọ lónìí.

Nítorí náà: táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, márùn-ún, kì í ṣe mẹ́rin, nítorí èyí tó wà lábẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù. Géèjì kan. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà, èyí tó ń gba iná lára bátìrì ọkọ̀. Jáàkì tó lè gbé ọkọ̀ rẹ, pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ tí wàá fi sábẹ́ rẹ̀ kó má baà rì sínú iyanrìn. Bí o bá kúrò lórí títì, jó atẹ́gùn táyà sílẹ̀: láti PSI 35 wá sí bíi 25 lórí òkúta wẹ́wẹ́, sí bíi 18 nínú iyanrìn jíjìn. Táyà á tẹ́ bẹẹrẹ, á mú ilẹ̀ dáadáa, ìgbọ̀nrìrì á sì dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá á fi lè sùn lọ. Má sáré lórí táyà tí o jó, kí o sì fẹ́ ẹ padà kí o tó gun títì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Ní oṣù keje ọdún 1996, ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́rin kan láti Jámánì, àgbàlagbà méjì àti ọmọdé méjì, gbé ọkọ̀ akérò kékeré tí wọ́n háyà wọ gúúsù Death Valley. A kò gbúròó wọn mọ́. Oṣù kẹwàá ni wọ́n rí ọkọ̀ náà nínú àfonífojì Anvil Canyon, táyà rẹ̀ ti jo. Ọdún 2009 ni wọ́n tó rí egungun àwọn àgbàlagbà náà, ní ọ̀pọ̀ máìlì sí ibi tí ọkọ̀ wà. Ohun tí àwọn tó wá wọn gbà ni pé wọ́n fẹ́ gba àárín òkè kọjá, ọkọ̀ wọn kò lè gun ibẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́rí gba inú ojú odò gbígbẹ kan tí máàpù fi hàn bí ọ̀nà. Ìlà lórí máàpù ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlà kì í sọ ibi tó ti burú. Ìgbàkígbà tí mo bá rántí àwọn ọmọ yẹn, mo máa ń dákẹ́.

O sọ pé ojú ọ̀nà oko ni o ti kọ́ ọkọ̀. Ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ìmọ̀ kékeré. Ẹni tó ti wakọ̀ nínú ẹrẹ̀ mọ̀ pé orí gegele ni táyà ń tẹ̀, pé kòtò ni ká fi sí àárín. Ó mọ bí a ṣe ń fẹsẹ̀ lé iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nílé, bí ọkọ̀ bá rì, kí o tó sọ̀ kalẹ̀ àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà ti dé, wọ́n ti ń tì í, o máa fún wọn lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó parí. Nínú aginjù, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, òun náà sì ni ìyàwó rẹ ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o gbà kò jìnnà sí ọ: Mojave National Preserve, ní apá California. Mojave Road gba inú rẹ̀ kọjá. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 138 máìlì láti odò Colorado lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Mojave ló ń fẹsẹ̀ rìn ín kí òyìnbó tó dé, láti orísun omi dé orísun omi, tí wọ́n ń gbé ọjà lọ sí etí òkun. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun àti kẹ̀kẹ́ ẹrù wá gbà á. Èyí ni kí o sọ fún bàbá. Sinimá kọ́bọ́ì kì í sọ ọ́. Má gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gba apá tó wà láàárín Kelbaker Road àti Kelso-Cima Road. Títì ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀, títì ló wà ní ìparí, ọ̀nà iyanrìn sì wà láàárín, pẹ̀lú òkìtì kékeré tó ń mi ni bí ìgbì. Àpótí lẹ́tà kan wà lójú ọ̀nà yẹn tí àwọn arìnrìnàjò ń kọ orúkọ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Jẹ́ kí bàbá kọ tiwọn. Wọn kì í ta epo nínú gbogbo ọgbà náà, nítorí náà rọ epo kún táǹkì kí o tó wọlé. Apá ìwọ̀ oòrùn Mojave Road, tó gba orí adágún gbígbẹ Soda Lake, fi í sílẹ̀ bí òjò bá ti kàn án. Ojú rẹ̀ á dà bíi pé ó gbẹ, abẹ́ rẹ̀ á jẹ́ ẹrẹ̀, ọkọ̀ tó wúwo bíi tìrẹ á sì rì dé ikùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹ lọ sí Utah. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Valley of the Gods, 17 máìlì ilẹ̀ pupa láàárín òkúta tó dúró bí ilé ìṣọ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọkọ̀ rẹ kò ní mọ̀ pé òun kúrò lórí títì. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Mokee Dugway wà, ọ̀nà gbágungbàgun tí wọ́n gé sára òkè lọ́dún 1958 kí ọkọ̀ ẹrù lè máa gbé òkúta yuréníọ̀mù sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gùn ún ní àárọ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín.

Ní Moab gan-an, Shafer Trail ni kí o gbé bàbá lọ dípò Hell's Revenge. Ọ̀nà darandaran ni tẹ́lẹ̀, àwọn awayuréníọ̀mù ló fẹ̀ ẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Láti orí òkè Island in the Sky ó sọ̀ kalẹ̀ bí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà, ó ń kọ́ kọ́ọ̀nù léra wọn bí ìfun, láìsí ìdènà kankan létí ọ̀gbun. Ojú ọ̀nà kò burú. Ọkàn awakọ̀ ni ó ń dán wò. Fi sí 4-Low, gíà kìn-ín-ní, kí ẹ́ńjìnnì máa dì í mú. Bíréèkì tí o bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ ló ni ọ̀nà, nítorí náà wo iwájú dé kọ́ọ̀nù kejì, kí o dúró síbi tó fẹ̀. Bí òjò tàbí yìnyín bá wà, má dé ibẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni White Rim Road ti bẹ̀rẹ̀, 100 máìlì yípo, tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ọkọ̀ bíi tìrẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún àkọ́kọ́. Ọ̀nà Elephant Hill ní tirẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ síbẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o jókòó sílé. Ọ̀nà ibẹ̀ há, àkàsọ̀ ló kún inú rẹ̀, ibì kan sì wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Níbikíbi tí ojú rẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ tàbí òdìkejì, dúró. Sọ̀ kalẹ̀, fi ẹsẹ̀ rìn ín tán kí táyà tó kàn án. Òkúta tí o sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ nírọ̀rùn lè ṣòro láti gùn padà. Bí kò bá dá ọ lójú pé o lè gùn ún padà, má sọ̀ ọ́.

Má kúrò lójú ọ̀nà rárá, kódà láti yẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ilẹ̀ dúdú tó rí gbùdùgbùdù bí èépá ní etí ọ̀nà ní Utah, ohun alààyè ni. Òun ló di iyanrìn mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ, òun ló ń tọ́jú omi fún koríko. Táyà lè pa á ní ìṣẹ́jú kan, kí ó má sì sàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ojú táyà kan ṣoṣo tó gba àárín rẹ̀ kọjá nítorí àwòrán.

Ẹ má lọ ní ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ní Jeep, bẹ̀ ẹ́ kó bá yín lọ sí Mojave. Ọ̀nà tó rọrùn fún un ni, inú rẹ̀ á sì dùn láti rí bàbá. Omi lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, kí ti ọjọ́ méjì mìíràn wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn. Bùláńkẹ́ẹ̀tì fún bàbá, nítorí òtútù alẹ́ aginjù kì í ṣe ti Ìbàdàn. Oògùn wọn, ti ọjọ́ mẹ́ta sí i. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ dúró tì í. Láti òkè ni wọ́n ti ń wá èèyàn, ọkọ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ rí.

Ní ti ìyàwó rẹ, fóònù kò dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, tó lè fi ìwé ránṣẹ́ àti igbe ìrànlọ́wọ́ láti ibikíbi. Rà á tàbí kí o yá a. Kọ́ ìyàwó rẹ bí yóò ṣe máa rí ibi tí ẹ wà lórí fóònù rẹ̀. Kí o tún kọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà sórí ìwé fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà àwọn olùṣọ́ ọgbà, àti aago tí ẹ máa padà gun títì. Bí ẹ bá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí aago mẹ́jọ bá lù tí kò gbọ́ ohùn rẹ, kó má dúró, kó má tijú, kó pè wọ́n.